Àmì Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n Lójú Ẹ̀rọ

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti gbìyànjú fún odidi ọdún kan láti pè é ní irọ́, kò gbà. Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé ohun gbogbo ló ní ìdí, kí wọ́n sì fi ìdí náà hàn mí lórí ìwé ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò rí ìdí kankan kọ sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gbà mí gbọ́, ẹ ṣeun. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ kò jẹ̀bi.

Orúkọ mi ni Verla Kroeker. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ni nílé-ìwé girama ìlú Bresler, níbi tí oko àlìkámà ti yí wa ká, tí afẹ́fẹ́ tó ń ti ìpínlẹ̀ Nebráskà bọ̀ kì í sì í fún fèrèsé nísinmi. Aṣọ kan wà lára ògiri kíláàsì mi tí a rán ọgbọ̀n àpò mọ́. Àpò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹ̀rọ ìṣirò kan ló sì ń gbé inú rẹ̀. Kì í ṣe irú kékeré tí àwọn ọlọ́jà ń lò o. Èyí tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ń ya ìlà sójú ara rẹ̀, èèyàn sì lè kọ ètò sínú rẹ̀ kó máa fi ṣiṣẹ́. Ọmọ tó bá fẹ́ mú ọ̀kan á kọ́kọ́ fi fóònù rẹ̀ rọ́pò rẹ̀ nínú àpò. Mo mọ̀ wọ́n bí ẹni tó ń sin ewúrẹ́ ṣe ń mọ ewúrẹ́ rẹ̀. Bọ́tìnì òdo ẹ̀rọ kẹrin le. Ìlà dúdú kan la ojú ẹ̀rọ kọkànlá já. Ẹ̀rọ kẹtàlélógún kò yọ mí lẹ́nu rí.

Marisela Ontiveros ló máa ń mú ẹ̀rọ kẹtàlélógún. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, kì í pariwo, kì í sì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa màlúù lẹ́yìn ìlú. Ọ̀bẹ ni obìnrin náà ń dì mú láti òwúrọ̀, débi pé tó bá fi máa dalẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í lè ká mọ́ ife mọ́. Yunifásítì ti gba Marisela kó wá kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà lọ́fẹ̀ẹ́, àdéhùn kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀. Nínú ìdánwò ìṣirò oṣù karùn-ún, tó ní ogójì ìbéèrè, ó gbọ́dọ̀ gba ọgbọ̀n ó kéré tán. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò náà, àyè yẹn kò sì ní dúró dè é. Bí kò bá gba ọgbọ̀n, ọ̀bẹ ń dúró dè é nílé-iṣẹ́ màlúù. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Ní oṣù kejì, mo kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ ètò sínú ẹ̀rọ. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ẹni tó bá lè fi nǹkan kọ́ ẹ̀rọ, nǹkan náà ti yé e. Ìlà méje ni ètò Marisela. Á béèrè nọ́ńbà mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, á ṣe ìṣirò, lẹ́yìn náà á wá ya ìlà kan tó tẹ̀ bí ọrun. Ìlà náà kì í yára. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde láti òsì sí ọ̀tún, bí ìgbà téèyàn ń ran òwú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Marisela nawọ́ sókè.

"Mísì, kò bi mí ní nǹkan kan o. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í yà ni."

Mo lọ wò ó. Kì í ṣe ìlà ló yà. Àmì róbótó kékeré márùn-ún ló wà lójú ẹ̀rọ, ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀. Orí mi gbóná lójú ẹsẹ̀, nítorí mo mọ ohun tó fà á, tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, a to nọ́ńbà sínú ẹ̀rọ, a sì ní kó máa fi àmì hàn wọ́n. Ọmọ tí kò bá rántí pa àmì náà, ńṣe ni wọ́n á máa yọjú nínú gbogbo ohun tó bá tún yà. Ọdọọdún ni mo ń tìtorí ẹ̀ bá wọn jà.

"Pa àmì ẹ," mo ní. "Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n sọ ọ́?"

"Mo ti pa á, Mísì."

"Tún un pa."

Ó tún un pa níṣojú mi. Ó ní kí ètò náà ṣiṣẹ́. Àmì márùn-ún tún jáde. Bọ́tìnì kan wà téèyàn fi ń tọ àmì lẹ́sẹ̀. Tó o bá dúró lórí ọ̀kan, ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ á sọ ipò rẹ̀ àti iye rẹ̀ fún ọ. Marisela tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ wọ́n sínú ìwé rẹ̀. Mo ní kó gbé e tì, kó bá ẹnì kejì rẹ̀ lo tiẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ níwájú mi lọ́jọ́ náà.

Kí kíláàsì tó tú, mo kọ ìbéèrè kúkurú márùn-ún sójú pátákó. Orí mi ni mo ti yọ wọ́n, n kò kọ wọ́n síbì kankan tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo dá ìwé wọn padà. Marisela gba mẹ́rin, ó ṣi ẹ̀kẹrin. Òdo ló kọ, ọ̀kan ló yẹ kó kọ. Nígbà tí gbogbo wọn jáde tán, ó wá síbi tábìlì mi, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ìdánwò. Mẹ́fà. Òdì méjì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òdo. Mẹ́jọ. Ìwé méjèèjì kò yàtọ̀ síra.

Mo bi í níbi tó ti rí ìbéèrè mi. Ó ní òun ò rí i, pé nígbà tí òun kọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn, èmi gan-an ò tíì kọ ìbéèrè kankan. Mo ní kó má fi mí ṣeré.

"Mísì, tó bá jẹ́ pé mo jí i ni," ó ní, "ṣé n ó wá kọ ìkẹrin sódì ni?"

Ọ̀rọ̀ tó sọ bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó bá jí ìdáhùn kì í jí èyí tó burú. Ẹ̀rọ náà kò mọ ìdáhùn. Ohun tí ọwọ́ ọmọ yìí máa kọ ló mọ̀.

N kò gbà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà o. Ẹni bíi tèmi kì í tètè gbà. Àwọn ọmọ wa gbọ́n, gbogbo ọgbọ́n wọn ni mo sì mọ̀. Kí ìdánwò ńlá tó bẹ̀rẹ̀, a gbọ́dọ̀ nu ọpọlọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nù, kí ẹnikẹ́ni má baà tọ́jú nǹkan síbẹ̀. Tó o bá ti nù ún, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé òun ti mọ́. Ọmọ tó gbọ́n á wá kọ ètò kan tó ń gbé ọ̀rọ̀ kan náà jáde, láìnu ohunkóhun nù. Mo ti mú ọmọ mẹ́fà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà, mo gba ẹ̀rọ kẹtàlélógún lọ́wọ́ Marisela, mo fi ìka ara mi nù ún. Ìlà méje rẹ̀ pa rẹ́. Mo fi í sínú àpò, mo ti ilẹ̀kùn, mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìlà méje náà ti padà sínú ẹ̀rọ.

Mo nù ún. Ó padà. Mo tún nù ún. Ó tún padà. Mo yọ bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo yọ èyí tó rí pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnì ẹ̀wù, mo sì fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lófìfo láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Ajé. Nígbà tí mo dá wọn padà, kí n tó tẹ bọ́tìnì kankan, ó tan. Ìlà méje wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kó yé yín pé kì í ṣe ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí. Inú ló bí mi. Ó bí mi bí ìgbà téèyàn ń ti ilẹ̀kùn tí kò gbà láti pa dé, tí ẹnikẹ́ni kò sì sí lẹ́yìn rẹ̀. Mo jókòó nìkan nínú kíláàsì, mo ń bá ẹ̀rọ tó jẹ́ ti ilé-ìwé wí bí ẹni ń bá ọmọ wí. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Okùn àsíá níta ló kàn ń lu òpó irin.

Gene Pruitt ló ń kọ́ wọn ní físíìsì ní yàrá kejì. Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bóyá ebi ló ń pa ẹ̀rọ náà, kí n lọ ra bọ́gà fún un. Gbogbo ìgbà tó bá ti pàdé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á bi mí bóyá "ọmọ mi" sùn dáadáa. Ó ká mi lára. Mo ní kó dúró, n ó fi hàn án.

Mo ní ìdánwò oníbéèrè méjìlá tí mo fẹ́ ṣe fún wọn ní oṣù kẹrin. Lọ́sàn-án tó ṣáájú ẹ̀, mo ní kí ẹ̀rọ kẹtàlélógún ṣiṣẹ́. Àmì méjìlá jáde. Mo kọ wọ́n sínú ìwé, mo fi ìwé sínú àpòòwé, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo fi fún Gene kó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó kọ ìbéèrè. Ọmọ ayò lúdò olójú mẹ́fà ni mo ń yí sílẹ̀ láti mú nọ́ńbà, kó má baà jẹ́ pé ọkàn mi ló mú wọn. Mo fi ẹ̀rọ kẹtàlélógún sínú dúrọ́ọ̀ tèmi, mo fún Marisela ní ẹ̀rọ kẹjọ. Ó ṣe ìdánwò rẹ̀. Èmi pẹ̀lú Gene jókòó, a ṣí àpòòwé.

Gene fi ìka tọ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ó ka mẹ́ta, ó ń dápàárá. Ó ka mẹ́fà, kò dápàárá mọ́. Marisela ti ṣi ẹ̀kẹsàn-án, ìwé inú àpòòwé náà sì ṣì í bákan náà, nọ́ńbà kan náà gẹ́lẹ́. Nígbà tó ka ìkejìlá tán, Gene gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀.

"Gbé e kúrò lórí tábìlì mi, Verla."

"O rí i àbí o ò rí i?"

"N ò rí nǹkan kan. Ẹni tó bá bi mí, n ò rí nǹkan kan."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé, kó má baà pàdé mi.

Mo sọ fún Marisela ibi tí ọ̀rọ̀ dé, nítorí kò dáa kí n mọ nǹkan nípa ọwọ́ ọmọ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ má mọ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Ó wá ní òun bẹ̀ mí, tí ẹ̀rọ náà bá sọ ohunkóhun nípa ìdánwò ńlá, kí n má sọ fún òun. Ó ní òun fẹ́ ṣe é bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é. Mo ṣèlérí fún un. Mo ní èmi gan-an ò ní wò ó.

Mo wò ó. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọmọ ti lọ jẹun ọ̀sán, mo sì ń gbọ́ ariwo wọn láti ọ̀nà jíjìn. Mo yọ ẹ̀rọ kẹtàlélógún nínú dúrọ́ọ̀, mo ní kó ṣiṣẹ́. Àmì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti òsì, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó kọjá àárín, ó ń lọ. Lẹ́yìn náà, ó dúró. Apá ọ̀tún funfun báláú.

Mo kà wọ́n. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Mo rò pé ojú ẹ̀rọ ni kò gba ogójì. A lè sọ fún ẹ̀rọ ibi tó máa wò dé, mo bá ní kó wò dé ogójì, lẹ́yìn náà dé ọgọ́rùn-ún. Àmì náà kàn súnra jọ sí òsì ni, kò lé ọ̀kan. Mo tọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀. Lórí ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n, mo tẹ bọ́tìnì kó lọ sí iwájú. Ó padà sórí ìkínní. Mo tẹ̀ ẹ́ títí àtàǹpàkò fi ń dùn mí. N kò mọ ìbéèrè, nítorí náà n kò lè sọ èyí tó tọ̀nà nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí gbogbo mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n bá tilẹ̀ tọ̀nà, kò tó ọgbọ̀n.

Ìgbà náà ni ẹ̀rù tó wá bà mí.

Mo ti ṣèlérí pé n kò ní sọ, n kò sì sọ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ń wá ohun tó lè dá ọmọ dúró níbi ìbéèrè kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Àìsàn? Mo lọ bá nọ́ọ̀sì ilé-ìwé, mo ní kó má kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Agogo ìkìlọ̀ iná? Mo mú ẹni tó ń tún iná mànàmáná ilé-ìwé ṣe lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìjì líle? Oṣù karùn-ún ni ìgbà tiwọn ní ilẹ̀ wa, àràárọ̀ ni mo sì ń gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́. Mo gbẹ́ pẹ́ńsùlù mẹ́wàá fún un. Mo pààrọ̀ bátìrì ẹ̀rọ kẹjọ. Mo ra àkàrà òyìnbó fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ó ní, "Mísì, ẹ fẹ́ dà bíi màmá mi," mo sì fèsì pé kó jẹun kó yé sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé e wá lọ́jọ́ náà. Ó juwọ́ sí mi láti inú mọ́tò, báńdéèjì wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Haverkamp ni wọ́n rán wá láti ṣe alábòójútó. Ọkùnrin onísùúrù ni, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ka òfin fún wa. Ó yẹ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wò, ó rí i pé ọpọlọ wọn mọ́. Ẹ̀rọ kẹtàlélógún kò sí láàárín wọn, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo ti tì í pa. Òfin ni pé olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ dúró tì ọmọ kankan, kò gbọ́dọ̀ wo ìwé ọmọ kankan, kò sì gbọ́dọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀; ọmọ tí olùkọ́ bá bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gba ìwé rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sì ní kọ ọ́ mọ́. Ọdún kọkànlélógún mi nìyẹn, n kò rú òfin yẹn rí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Yàrá náà dákẹ́. Pẹ́ńsùlù ń há ìwé. Afẹ́fẹ́ ń ti fèrèsé, fèrèsé ń kùn. Mo jókòó níwájú, Marisela sì wà ní ìlà kẹta. N kò lè rí ibi tó dé láti ibi tí mo wà. Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá. Ó ń kọ, ó ń tẹ ẹ̀rọ, ó ń kọ. Ara rẹ̀ le. Agogo kò dún. Ojú ọjọ́ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé mo ti ya wèrè lásán, inú mi sì dùn sí i pé ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Marisela wá gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Ó di ojú. Kò mira. Mo ka ení títí dé ọgbọ̀n nínú ọkàn mi, kò mira. Mo dìde. Mo sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ rìn yí yàrá ká ni, bí òfin ṣe gbà. Mo gba ìlà kìíní, mo gba ìlà kejì. Mo dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi dúró. Mo wo ìwé rẹ̀.

Ó ti kọ ìdáhùn ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n. Abẹ́ rẹ̀ funfun.

"Máa lọ," mo ní. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde lẹ́nu mi. "Marisela, máa lọ."

Ó lajú. Ó wò mí, ó yà á lẹ́nu. Ọ̀gbẹ́ni Haverkamp ti dìde ní ẹ̀yìn yàrá. Ó rọra rìn wá, ó sì bi mí ohun tí mo sọ fún ọmọ náà. Ojú mi ṣì wà lórí ìwé náà. Ó bi Marisela. Marisela wo ojú mi, ó sì sọ òótọ́ fún un, nítorí ọmọ tó ń sọ òótọ́ ni. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní ó dun òun. Ó na ọwọ́, ó mú ìwé kúrò níwájú rẹ̀, ó kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi í sínú àpò ọ̀tọ̀. Ọmọ mẹ́tàdínlógún tó kù tẹ orí ba, wọ́n ń kọ tiwọn lọ.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn ìdánwò, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Haverkamp láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ọmọ mi ni. Mo ní tí èèyàn bá ṣẹ̀, èmi ni mo ṣẹ̀, kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi kí wọ́n sì dá ìwé ọmọ padà fún un. Mo ní kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Mo mú un padà sí kíláàsì, mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo yọ ẹ̀rọ kẹtàlélógún, mo tàn án níwájú rẹ̀.

Ojú ẹ̀rọ náà funfun. Ó kọ ọ́ sí òkè pé òun ti mọ́. Kò sí ètò nínú rẹ̀. Kò sí ìlà méje. Mo tẹ ohun gbogbo tí mo mọ̀, mo tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Láti oṣù kejì ni mo ti ń bẹ ẹ̀rọ yìí kó mọ́, ọjọ́ yìí gan-an ló gbọ́. Mo pe Gene jáde láti yàrá rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Haverkamp kò bínú. Ì bá dára kó bínú. Ó di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, ó ní, "Ìyáàfin Kroeker, ẹ jókòó díẹ̀, kí wọ́n fún yín lómi." Ó sì lọ.

N kò mọ ẹni tó ń fi àmì wọ̀nyẹn síbẹ̀. Mo ti rò ó sọ́tùn-ún, mo ti rò ó sósì. Bí n kò bá wo ẹ̀rọ náà, n kì bá tí dìde. Bí n kò bá dìde, ìwé náà ì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé àmì náà ti dúró sí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí n tó wò ó, àbí ìgbà tí mo wò ó ló tó dúró? Mo ń bi ara mi ní ìbéèrè yìí nígbà tí mo bá ń fọ abọ́, mo sì ń bi ara mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ti ẹ̀rọ kẹtàlélógún, ó ṣì wà lára ògiri. Àwọn ọmọ ọdún yìí ń lò ó. Kò sí ohun tó ṣe.

Marisela dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi fi mí sílẹ̀. Kò sunkún. Ó ní kí n wá sọ fún òun báyìí ohun tí ẹ̀rọ náà sọ, ìlérí ti tán. Mo sọ fún un. Mo sọ iye àmì tí mo rí, mo sọ ìdí tí mo fi dìde. Ó gbọ́ títí mo fi parí, ó sì ń wo ọ̀nà tí mọ́tò ìyá rẹ̀ máa gbà wọlé.

"Mísì, kò rẹ̀ mí o," ó ní. "N ò dúró. Mo ti ka ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n, mo ń ṣe é lórí ni. Mo kàn dijú kí n lè rí ìdáhùn ẹ̀ dáadáa."

Mo bi í bóyá ó rí i.

Ó ní òun rí i. Ó sọ nọ́ńbà náà fún mi, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì lọ bá ìyá rẹ̀ nínú mọ́tò.